Àpótí Mẹ́ta Nínú Eré Apanilẹ́rìn-ín Gẹ̀ẹ́sì

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa eré orí ìtàgé, ìbéèrè kan ò yé padà wá: "Prọ́f, àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn ara wọn, kí ló dé tí wọn ò kàn ṣègbéyàwó kó tán?" Mo máa ń ní kí wọ́n gbàgbé ìfẹ́ ná, kí wọ́n wá àpótí. Nínú mẹ́ta lára àwọn eré apanilẹ́rìn-ín tó lórúkọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí kan wà tí ohun inú rẹ̀ ń pinnu ta ni yóò fẹ́ ta.

Owó orí tiwa lè ṣì wá lọ́nà níbí. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé ọkọ ló ń gbé owó lọ. Lọ́dọ̀ àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, ìyàwó ló ń gbé owó bọ̀. Tí ìgbéyàwó bá sì ti wáyé, owó àti ẹrù obìnrin di ti ọkọ lábẹ́ òfin. Ilẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ọkọ ló ń jẹ èrè orí rẹ̀. (Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyá aláṣọ ní Gbági!) Ọ̀nà tí àwọn lọ́yà rí ni pé kí wọ́n ti kọ ìwé ṣáájú, kí wọ́n fi dúkìá rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì tí yóò máa bá a mójú tó o.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àpótí dúdú tí William Congreve gbé sórí ìtàgé ní 1700, nínú The Way of the World. Mirabell ń fẹ́ Millamant, ṣùgbọ́n ìdajì owó ọmọbìnrin náà, 6,000 pọ́n-ùn, wà lábẹ́ àṣẹ àǹtí rẹ̀, Lady Wishfort. Bó bá fẹ́ ẹni tí àǹtí ò fọwọ́ sí, owó yẹn lọ nìyẹn. Fainall, ọkọ ọmọ Lady Wishfort, fẹ́ kó gbogbo rẹ̀: kí wọ́n kọ dúkìá fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tú àṣírí ìyàwó òun síta. Ibi tí gbogbo ilé ti dàrú ni wọ́n ti gbé àpótí dé. Nígbà tí ìyàwó Fainall ṣì jẹ́ opó, ó ti fi ìwé fa gbogbo dúkìá rẹ̀ lé Mirabell lọ́wọ́, ìwé náà sì ṣáájú èyí tí Fainall gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Déètì ló gbà wọ́n là. Mirabell yìí náà sì ti jẹ́ àlè obìnrin ọ̀hún rí o!

Ẹ tún wo ibi tí Millamant ti ń ka ohun tó fẹ́ sílẹ̀ kó tó gbà: òun á sùn pẹ́ láàárọ̀ bó bá wu òun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi òun léèrè nípa lẹ́tà òun, kí ọkọ kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àwọn kan ní yàngà ni. Èmi ò gbà. Ó ń dúnàádúrà nígbà tó ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni.

Nínú She Stoops to Conquer ti Oliver Goldsmith, 1773, àpótí ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ti Constance Neville ni, ṣùgbọ́n Mrs Hardcastle, àǹtí rẹ̀, dì í mú, ó fẹ́ kó fẹ́ Tony ọmọ òun kí ọrọ̀ má bàa jáde nílé. Tony tí kò fẹ́ ẹ rárá jí àpótí fún Hastings, àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin náà. Hastings fi ránṣẹ́ sí Marlow. Marlow, tó rò pé òtẹ́ẹ̀lì lòun wà, ní kí wọ́n gbé e fún ìyá onílé tọ́jú. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún padà sí! (Trinity College ní Dublin ni Congreve, Goldsmith àti Wilde ti kàwé, ẹ ò rí nǹkan.)

Ní 1882, òfin yí padà: obìnrin tó wà nílé ọkọ lè di dúkìá tirẹ̀ mú. Nígbà tí The Importance of Being Earnest ti Oscar Wilde fi jáde ní 1895, àpótí ti di báàgì ọwọ́ tí wọ́n gbàgbé ọmọ ọwọ́ sínú rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Victoria. Lady Bracknell ò gbà kí Gwendolen ọmọ òun fẹ́ Jack tí wọ́n rí nínú báàgì. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé Cecily, tí Algernon ọmọ arábìnrin rẹ̀ ń fẹ́, ní 130,000 pọ́n-ùn, ojú ẹsẹ̀ ló rí i pé ọmọ náà wuni. Jack, alágbàtọ́ Cecily, ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tí wọ́n bá fún òun ní Gwendolen. Òfin tuntun ò ran Cecily lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ìwé ìpíngún bàbá àgbà rẹ̀ sọ pé kò ní bọ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 35. Algernon ní òun á dúró dè é. Cecily ní òun ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.