Èwo Ni Ká Gbà Gbọ́? Ìtàn Bí Àwọn Ẹ̀rọ Ṣe Ń Kọ́ Láti Fohùn Ṣọ̀kan

Ìtàn kọ̀ǹpútà tí a sábà máa ń sọ ni ìtàn bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kéré sí i, tí ó sì ń yára sí i. Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó kan ìgbésí ayé wa jù ú lọ, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Bí ẹ̀rọ púpọ̀ bá jọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ènìyàn kan ṣoṣo, tí ohun tí èyí ń sọ kò sì bá ti èkejì mu, èwo ni a ó gbà gbọ́? Ta ni yóò sì pinnu rẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, Mark Weiser, olórí ilé ìwádìí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Xerox PARC, ní ìlú Palo Alto ní California, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Scientific American. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà yóò wà nínú yàrá kan ṣoṣo: àwọn kan yóò ṣe é dì mọ́wọ́, àwọn kan yóò tó ojú ewé ìwé, àwọn mìíràn yóò tóbi bíi pátákó ìkọ̀wé kíláàsì. Wọn yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Èyí ni àwọn tí ń fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní informatique ubiquitaire. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, ó gbọ́dọ̀ mọ ipò tí onítọ̀hún wà: ibi tí ó wà, ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Mo ó máa pe àkójọ ìmọ̀ yìí ní ipò-àyíká.

Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí àpilẹ̀kọ Weiser tó jáde. Láàrin ọdún 1989 sí 1992, Roy Want, Andy Hopper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Olivetti ṣe káàdì kékeré kan tí òṣìṣẹ́ lè fi kọ́ àyà, tí wọ́n pè ní Active Badge. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 15-15, káàdì náà a máa tan ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi sára ògiri yàrá a sì gbà á. Ìtànṣán náà kò lè la ògiri kọjá, nítorí náà bí ẹ̀rọ yàrá kan bá gbà á, inú yàrá yẹn ni káàdì wà. Bí tẹlifóònù bá dún fún òṣìṣẹ́ kan, ẹni tí ń gba àlejò yóò wo ojú kọ̀ǹpútà, yóò sì darí ìpè náà sí yàrá tí onítọ̀hún wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú-àáyá 15 yìí. Wọ́n yàn án kí bátìrì káàdì lè pẹ́, kí ìtànṣán káàdì méjì má sì máa kọlu ara wọn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó ti jáde kúrò ní yàrá ṣì lè wà níbẹ̀ lójú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbàgbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì yóò wà nínú yàrá náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ̀rọ náà kò purọ́: ohun tí ó rí ni ó sọ. Àwọn ará Cambridge mọ èyí, nítorí náà wọn kò fi orúkọ yàrá nìkan hàn. Wọ́n kọ iye kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ń sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí a bá ẹni náà níbẹ̀. Ní tèmi, ìlà kékeré yẹn níye lórí ju káàdì náà lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bá ń tọ́jú ìròyìn yìí, ìṣòro kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ di líle nígbà tí ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn rìn kiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀. Ní ọdún 1994, Bill Schilit àti Marvin Theimer kọ̀wé lórí bí ìròyìn nípa ibi tí ènìyàn àti nǹkan wà yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ẹ̀rọ alárìnkiri bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí gbogbo ẹ̀rọ máa gbọ́ nípa gbogbo ìṣísẹ̀ gbogbo ènìyàn, ìròyìn yóò di ọ̀nà pa. Bí a bá sì dín ìròyìn kù, ẹ̀dà kan yóò máa mọ ohun tí òmíràn kò tíì gbọ́.

Láti mọ bí wọ́n ṣe kojú èyí, a ní láti padà sẹ́yìn sí ọdún 1978. Ní oṣù Keje ọdún náà, Leslie Lamport fi hàn pé àwọn kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà síra kò lè gbójú lé aago láti mọ ohun tí ó ṣáájú, nítorí pé aago wọn kì í bára dọ́gba pátápátá. Ohun tí wọ́n lè gbójú lé ni ìròyìn tí ó kọjá láàrin wọn: bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá rán iṣẹ́, tí èkejì sì gbà á, èkíní ló ṣáájú. Bí ìròyìn kankan kò bá so méjèèjì pọ̀, kò sí bí wọn yóò ṣe mọ èyí tí ó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí òpìtàn. Bí a bá rí lẹ́tà àtijọ́ méjì tí kò ní déètì, a óò wò ó bóyá ọ̀kan ń dáhùn ohun tí èkejì sọ.

Ní PARC kan náà, ní ọdún 1987, Alan Demers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa àkójọ orúkọ tí Xerox ń lò, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà káàkiri nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n pa èrò ọ̀gá kan tí yóò máa pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀dà tì. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ máa pàdé ní méjì-méjì, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ wé ti ara wọn, kí ìròyìn máa ràn bí àìsàn ṣe ń ràn. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tuntun, àmọ́ ohun tí a pa rẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá yọ orúkọ kan kúrò níhìn-ín, ẹ̀rọ tí kò tíì gbọ́ yóò dé pẹ̀lú orúkọ náà, yóò sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé ohun tuntun ni. Òkú á wá jí dìde! Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí ikú fún orúkọ tí a bá pa rẹ́, ìwé náà a sì máa rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ti lọ gba acte de décès rí ní mairie yóò mọ ìdí rẹ̀: láìsí ìwé yẹn, olóògbé ṣì wà láàyè nínú ìwé ìjọba. Nítorí pé ìwé wọ̀nyí yóò pọ̀ jù bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń pa wọ́n mọ́, ẹ̀rọ díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ láti tọ́jú wọn pẹ́.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ Bayou lé ní PARC, tí Douglas Terry, Theimer, Demers àti àwọn mẹ́ta mìíràn ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1995. Ẹ̀rọ tí a lè gbé rìn, tí kì í fi gbogbo ìgbà wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni wọ́n ní lọ́kàn. Àpẹẹrẹ tí wọ́n lò jẹ́ ti yàrá ìpàdé. Ẹni méjì, tí ẹ̀rọ wọn kò lè bá ara sọ̀rọ̀, gba yàrá kan náà fún agogo mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó ṣe àìdáa. Nínú Bayou, ohun tí ènìyàn bá kọ máa ń gbé ìlànà lọ́wọ́: ẹ wò ó bóyá yàrá ṣì ṣófo, bí kò bá ṣófo mọ́, ẹ fún mi ní agogo mọ́kànlá. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, wọn yóò tò ó ní ètò kan náà, wọn yóò tẹ̀ lé ìlànà kan náà, ibi kan náà ni wọn yóò sì já sí. Kí ó tó di ìgbà náà, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì pé a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tí ń lò ó ni ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìlérí àti ìpinnu.

Ní ọdún 2000 Eric Brewer sọ ọ́ gbangba pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pín sí méjì, a ní láti yàn: yálà kí ẹ̀rọ máa dáhùn nìṣó, tàbí kí ìdáhùn wọn bá ara mu. Seth Gilbert àti Nancy Lynch fi ẹ̀rí ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2002. Ní 2011, Marc Shapiro ti INRIA, ilé ìwádìí ìjọba Faransé, pẹ̀lú Nuno Preguiça, Carlos Baquero àti Marek Zawirski, gbé irú àkọsílẹ̀ kan kalẹ̀ tí ẹ̀dà rẹ̀ kò lè takora láéláé. Ẹ fi owó ẹgbẹ́ wò ó. Agbowó mẹ́ta ní ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta sì wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Orí ìlà tirẹ̀ nìkan ni kálukú ti ń fi owó kún owó. Bí méjì bá pàdé, wọn yóò mú iye tí ó pọ̀ jù lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí wọn ì báà pàdé, ẹni yòówù tí ì báà ṣáájú, iye kan náà ni yóò jáde.

Síbẹ̀, kí ẹ̀dà fohùn ṣọ̀kan kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Káàdì tí a gbàgbé sórí tábìlì ń kọ́ gbogbo ẹ̀dà ní irọ́ kan náà. Ní Hong Kong, ní ọdún 2005, Chang Xu àti S. C. Cheung gbìyànjú láti fi òfin mú irú rẹ̀, bíi pé ènìyàn kan kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin lè sọ pé irọ́ wà láàrin ìròyìn méjì; èyí tí a ó sọ nù ni ó ṣòro. Bí a bá sọ èyí tí ó dé kẹ́yìn nù, ó lè jẹ́ òun ni òótọ́. Bí a bá sì sọ méjèèjì nù, a ti sọ òótọ́ nù pẹ̀lú irọ́.

Weiser fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú àpilẹ̀kọ 1991 pé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ènìyàn ní gbogbo yàrá lè di ohun èlò fún aláṣẹ aninilára. Ó kú ní ọdún 1999, kí fóònù tí ń mọ ibi tí a wà tó wọ àpò gbogbo wa. Lórí máàpù fóònù wọ̀nyí, ìlà kékeré Cambridge ṣì wà, ó kàn yí àwọ̀ padà ni: òun ni òbìrí búlúù fífẹ́lẹ́ tí ó yí àmì ibi tí a wà ká. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ṣiyèméjì tó ni òbìrí náà ṣe ń fẹ̀ tó. Nígbà tí a bá fi àmì náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó rọrùn kí òun rí àmì náà, kí ó má sì rí òbìrí.