Ta Ni Yóò Bọ́ Ọmọ Iṣẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ Odò-Ọwá nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, tí ọ̀rọ̀ ríran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ bá ti délẹ̀, owó mọ́ṣíìnì la kọ́kọ́ máa ń dá. Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe ìṣirò ẹ̀kọ́ṣẹ́ ná.

Iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ ni mo mú, torí ó gbé orúkọ wa dé òkèèrè. Moshood Bámigbóyè (nǹkan bíi 1885 sí 1975), tó gbẹ́ àwọn Ẹpa ńláńlá, ara wa ni. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fáráyé wò.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọmọ iṣẹ́ ń gbé, oúnjẹ ọ̀gá ló ń jẹ, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́ oko. Níbẹ̀rẹ̀, àdánù ni: ó ń jẹun, ó sì ń ba igi jẹ́. Àmọ́ ọ̀gá mọ̀ pé èrè ń bọ̀. Ìpele mẹ́rin niṣẹ́ náà ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀gá ló máa ń lé ọnà, torí ibẹ̀ lère ti ń yọ nínú igi. Bọ́wọ́ ọmọ bá ti mọ́, á gba dídán àti fínfín, ọ̀gá á sì ráyè bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibẹ̀ lowó oúnjẹ ti ń padà wọlé. Ìdí nìyẹn tọ́dún fi ń pọ̀ kó tó gba fírídọ̀mù.

Kò jọ ìwọ̀fà o. Iṣẹ́ ìwọ̀fà, èlé lásán ni, kì í dín gbèsè kù. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ lowó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń tán.

Ẹlòmíì náà lè gbé ẹrù yẹn. Ní 1947, ìjọ Kátólíkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ìjọ ló sì ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ti kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ ará Ìlá, tó padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Lónìí, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí wẹ́dà ń sanwó ìkọ́ṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bọ́ ọ. Ebi á lé e dórí ọ̀kadà kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́. Tá a bá fún un ní mọ́ṣíìnì, títà ni yóò tà á.

Àbá mi rèé: ká pín owó mọ́ṣíìnì sí méjì. Ká fi apá kan bọ́ ọmọ náà lóṣooṣù, ká sì fún ọ̀gá ní ìyókù lọ́jọ́ tọ́mọ bá dá iṣẹ́ kan ṣe délẹ̀ lójú wa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá sí i o.