Ohun Mímu Kíki Amúaradàgbà tí a ń Lọ̀ ní Ilé ní Erékùṣù Èkó

Smoothie ni àwọn ará Èkó òde òní ń pe ohun mímu kíki tí a fi èso, wàrà, ẹ̀pà, ẹ̀wà tàbí ọkà lọ̀ pọ̀ nínú blẹ́ńdà títí tí yóò fi kúnná, tí a sì ń mu láìsẹ́ èérí rẹ̀ kúrò. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ sí omi èso lásán, nítorí pé fọ́nrán èso náà, tí ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ tí kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè padà, bá a wọ inú ife. Bí a bá sọ pé irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ kún fún èròjà amúaradàgbà, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan, tí ó fi ń tún awọ àti ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí ọmọdé sì fi ń dàgbà, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ife ńlá kan rẹ̀ ní tó gráàmù 15 sí 20 èròjà náà, tí ó fi lè dúró gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àárọ̀. Ní Lafiaji, ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní àwọn àdúgbò yòókù ní Erékùṣù Èkó, a lè rí gbogbo ohun tí a nílò fún un rà ní ọjà, àwọn ohun mímu kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà kí blẹ́ńdà tó dé.

Ẹ̀rọ yìí kò tíì pé ọdún 150 láyé. Stephen Poplawski, ọmọ Poland tí ó fi ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ṣe ilé, ni ó gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní 1922 fún ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí ní ìsàlẹ̀ ife, tí àwọn olùtajà ohun mímu ẹlẹ́ridòdò ń fi po wàrà; ní 1973, Steve Kuhnau dá ilé iṣẹ́ Smoothie King sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Louisiana, òwò náà sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ní Èkó, ata ni ọ̀pọ̀ ìdílé tìtorí rẹ̀ ra blẹ́ńdà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi í lọ̀ ohun mímu ní láti ní ife ẹ̀rọ kejì tí ata kì í kàn, nítorí pé ata rodo àti àlùbọ́sà máa ń fara pamọ́ sínú rọ́bà ìdérí, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èso ni amúaradàgbà ti ń wá, èrò náà kò sì tọ̀nà. Nínú 100 gráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, amúaradàgbà kò ju bíi gráàmù 1 lọ. Ti ìbẹ́pẹ àti ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò ju ìdajì gráàmù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èso wọ̀nyí ní fítámì tí ara nílò. Ibi tí èròjà náà pọ̀ sí ni sóyà gbígbẹ, tí ó ní bíi gráàmù 36 nínú 100, ẹ̀gúsí tí ó ní bíi 28, ẹ̀pà àti mílíìkì ẹlẹ́búlẹ́bú tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní bíi 26, àti ẹ̀wà tí ó ní bíi 23. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa jẹ 0.83 gráàmù lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, èyí tí ó jẹ́ bíi gráàmù 50 fún ẹni tí ó wọ̀n 60 kílógíráàmù. Ẹni tí ó bá lọ̀ ìbẹ́pẹ pọ̀ mọ́ ọsàn àti yìnyín, tí ó sì gbà pé òun ti jẹun, ṣúgà àti omi ni ó mu jù.

Wàrà màlúù ni àwọn ará òkèèrè sábà máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun mímu yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo inú ni ó gbà á. Ní 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, lórí bí ìfun àwọn ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà ṣe ń gba láktósì, ìyẹn ṣúgà tí ó wà nínú wàrà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá ni kò lè da ṣúgà yìí, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, tí ó sì di mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992, tipa bẹ́ẹ̀ là wá lóye ìdí tí inú fi ń kùn, tí ó sì ń wú, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń yọ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lẹ́nu lẹ́yìn ife wàrà tútù kan. Wàrà tí a ti jẹ́ kí ó kan, bíi yógọ́ọ̀tì tàbí nónò àwọn Fúlàní, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ó mú un kan ti jẹ lára ṣúgà náà. Fúrá, ọkà jéró tí a gún, tí a sè, tí a sì rọ di róbótó kí a tó pò ó mọ́ nónò, tí àwọn Hausa ń tà káàkiri Èkó, jẹ́ ohun mímu amúaradàgbà tí ó ti pé látayébáyé. Ọ̀pọ̀ olùtà ló sì ti ń fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ sínú ike báyìí.

Èyí tí ó jẹ́ ti erékùṣù náà gan-an ni fréjọ̀n. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tí wọ́n dòmìnira ní Brazil àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n gbé e wá, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní agbègbè Campos, tí kò jìnnà sí Lafiaji. Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì kì í jẹ ẹran, ni wọ́n ń sè é. Wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá bu omi àgbọn tí a rin tí a sì fún sí i, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀, kí wọ́n tó tún gbé e ka iná títí yóò fi ki. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú gàrí àti ẹja tí a fi ata dín, àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Àgùdà, títí kan Mùsùlùmí, sì máa ń rí tiwọn gbà nínú rẹ̀.

Bí a bá fi ojú ìmọ̀ oúnjẹ wò ó, ẹ̀wà tí a sè ní bíi gráàmù 8 amúaradàgbà nínú 100, àgbọn sì fi ọ̀rá tí ń fúnni ní agbára kún un. Bí ẹja bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ náà ti rọ́pò ẹran ní kíkún. Láti sọ ọ́ di ohun mímu àárọ̀, ìdílé lè lọ̀ 150 gráàmù ẹ̀wà tí ó ti jinná dáadáa, tí a sì ti bó, pẹ̀lú ìdajì ife omi àgbọn, kànáfùrù kan ṣoṣo, dàbínù méjì tàbí mẹ́ta dípò ṣúgà, àti ṣíbí mílíìkì ẹlẹ́búlẹ́bú kan, kí wọ́n má sì sẹ́ ẹ. Ife bẹ́ẹ̀ yóò ní bíi gráàmù 15. Kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí a fi irú oúnjẹ tí ó dára tó yìí mọ sí ọjọ́ kan péré lọ́dún.

Àwọn tí kì í ṣe Àgùdà náà ní tiwọn. Ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, tí í ṣe oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó láti ìgbà pípẹ́, so ọkà pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ó sì bá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mu. Àwọn ègé kéékèèké tí a to di amúaradàgbà ni à ń pè ní ásíìdì àmínò. Lára wọn, lysine ni àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni methionine tí kò tó nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, lo ọgbọ́n kan náà nígbà tí ó ṣe Soy-Ogi, ògì àgbàdo tí a pò mọ́ sóyà fún àwọn ọmọ tí a ń já lẹ́nu ọmú. Ẹni tí ó bá sì bu ṣíbí ẹ̀kọ mímu díẹ̀ sínú ohun mímu sóyà rẹ̀ ní ilé ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí ni.

Sóyà ni ó rọrùn jù lọ fún ìdílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn oníṣòwò sì ń fi kóńgò tàbí agolo dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n ní ọjà Sandgrouse ní Lafiaji àti ní Ẹbúté Erò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ṣiṣẹ́ púpọ̀ láti kọ́ àwọn ìdílé ní Nàìjíríà bí a ṣe ń lò ó nínú oúnjẹ wa. Ohun méjì ni ó ń ba wàrà sóyà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àkọ́kọ́ ni òórùn ẹ̀wà tútù, tí ó máa ń jáde nígbà tí a bá lọ̀ sóyà nínú omi tútù láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Èkejì, tí ó léwu jù, ni èròjà kan nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ìfun da amúaradàgbà, tí ó sì jẹ́ pé iná ni a fi ń pa á. Nítorí náà, a óò ṣa 200 gráàmù sóyà, a óò rẹ ẹ́ mọ́jú, a óò da omi náà nù, a óò bọ̀ ọ́ nínú omi tí ń hó fún bíi ogún ìṣẹ́jú, a óò bó èèpo rẹ̀, a óò lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tí ó tó lítà kan ààbọ̀, a óò fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, a óò sì tún se wàrà náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a máa rò ó kí ó má bàa jóná ní ìdí ìkòkò. Wàrà yìí yóò ní bíi gráàmù 3 amúaradàgbà nínú 100 mílílítà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti màlúù, kò sì ní láktósì rárá. Èérí tí ó ṣẹ́kù ṣì dára láti fi dín àkàrà.

Òfio, tí àwọn Hausa ń pè ní aya, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn jù, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ pọ̀ ju amúaradàgbà rẹ̀ lọ. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn lẹ́nu láìfi ṣúgà sí i, amúaradàgbà rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti ẹ̀pà. Ẹ̀pà sísun, ní tirẹ̀, ń fún ife ní adùn àti agbára lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ ṣa á dáadáa. Ẹ̀pà tí ó bu, tí ó sún kì tàbí tí ó korò lè ní aflatoxin, májèlé tí ebu ń pèsè, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísun kò sì lè mú kúrò tán. Ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ kò tó ohun tí a ń jẹ mọ́ àwọn yòókù nítorí pé owó ti bọ́ sí i.

Fún ife kan, 300 mílílítà wàrà sóyà yóò mú bíi gráàmù 9 wá, ṣíbí ńlá méjì ẹ̀pà lílọ̀, ìyẹn bíi 30 gráàmù, yóò mú bíi 7 sí i, ṣíbí méjì mílíìkì ẹlẹ́búlẹ́bú fún ẹni tí inú rẹ̀ bá gbà á yóò fi bíi 4 kún un, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó pọ́n dáadáa yóò sì mú un ki, yóò sì mú un dùn, tí àpapọ̀ rẹ̀ yóò fi ju gráàmù 20 lọ. Ata ilẹ̀ díẹ̀ máa ń bo òórùn sóyà tí ó bá ṣẹ́kù. Ohun tí ó ní omi ni kí a kọ́kọ́ dà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀pà tẹ̀ lé e, kí èso kẹ́yìn, kí abẹ má bàa há. Ìyẹ̀fun amúaradàgbà inú ike tí àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá ń rà sábà máa ń ní gráàmù 20 sí 25 nínú ìwọ̀n ṣíbí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń ṣe fún ara tí sóyà, ẹ̀pà àti ẹyin kò lè ṣe, kí ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, lára rẹ̀.

Ẹyin tútù kò yẹ nínú ohun mímu yìí: ó lè kó àrùn wọ inú, amúaradàgbà kan nínú funfun rẹ̀ sì ń dènà fítámì biotin, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ẹyin kí ó sè é kí ó tó lọ̀ ọ́. A kò gbọ́dọ̀ lọ̀ ẹ̀wà tí a kò sè sínú ohun mímu rárá. Omi àti yìnyín ni ewu tí ó fara pamọ́ jù lọ ní erékùṣù náà, nítorí pé yìnyín tí a ń gé tà ní òpópónà lè ti inú omi kànga tí kò mọ́ wá. Omi tí a ti sè, tí a sì jẹ́ kí ó tutù, tàbí èso tí a gé tí a sì fi sínú fíríìjì, sàn jù. Aláìsàn kíndìnrín ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó fi amúaradàgbà kún oúnjẹ rẹ̀, alátọ̀gbẹ ní láti dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù kù, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Wàrà sóyà tí a sè lè gbé ọjọ́ méjì nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kò já, ṣùgbọ́n ní ilé tí iná mànàmáná kò dúró, ohun tí a lọ̀ ní òwúrọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá òwúrọ̀ yẹn.