Ìgbín Láìsí Ìkarahun: Ìbọn G11 ti Ilẹ̀ Jámánì

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí nípa ohun tí kò ṣeé yà kúrò lára olówó rẹ̀, ìbáà wúwo, ìbáà ni ín lára. Láti ọ̀rúndún 19 ni òwe náà ti bá ọta ìbọn mu: ibi tí ọta bá ń lọ, kátíríìjì idẹ tó gbé ẹ̀tù rẹ̀ dání ń bá a lọ títí wọ inú ìbọn. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa kò nílò rẹ̀ ní tirẹ̀. Ọdẹ á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, ó di yíyìn. Ṣùgbọ́n sọ́jà tó wà lójú ogun kò ráyè irú èyí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Heckler & Koch ní ìlú Oberndorf, ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ìgbà náà, dáwọ́ lé yíya ìgbín kúrò lára ìkarahun. G11 ni wọ́n pe ìbọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ilé-iṣẹ́ Dynamit Nobel ló sì ń ṣe ọta rẹ̀. Wọ́n tẹ ẹ̀tù pọ̀ títí ó fi le, tó sì ní igun mẹ́rin, wọ́n wá ri ọta mílímítà 4.73 sínú rẹ̀. Bí ìbọn bá ti dún, ẹ̀tù á jó tán, kò ní sí ohun tí ìbọn máa pọ̀ jáde. Gíráàmù 5 péré ni ọ̀kan wọn wọ̀n, nígbà tí ti ìbọn G3 tí àwọn sọ́jà Jámánì ń lò nígbà náà tó nǹkan bíi 24. Bí ìbọn àti ọta bá jọ wọ̀n nǹkan bíi kílógíráàmù 7, ọta 100 ni oníG3 lè gbé, ṣùgbọ́n ti oníG11 lé ní 500. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Àṣé idẹ tí wọ́n yọ kúrò yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó ṣe ń fò jáde, ooru ló ń gbé lọ. Nígbà tí kò sí mọ́, ooru jókòó sínú ìbọn, ọta tó kàn á gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ewu ńlá nìyẹn, òun ló sì mú kí wọ́n yọ ìbọn náà kúrò nínú àyẹ̀wò àjọ NATO ní ìparí àwọn ọdún 1970. Dynamit Nobel kò sinmi: wọ́n fi octogen, ohun abúgbàù kan, ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀tù tuntun, ooru tó lè mú un gbiná sì fi nǹkan bíi dígírì 100 ju ti àtijọ́ lọ.

Inú ìbọn náà ló wù mí jù. Ọta dorí kodò nínú màgasíìnì tó nà gbalaja lórí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀kan á já bọ́ sínú ihò irin róbótó kan, irin náà á yí ìdá kan nínú mẹ́rin, ọta á sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá ìbọn àti gbogbo irin yìí ń sún sẹ́yìn nínú àpótí rẹ̀, débi pé ọta mẹ́ta á ti jáde tán kí ìbọn tó gbún sọ́jà léjìká. Bó bá ń yin mẹ́ta-mẹ́ta báyìí, ìyára rẹ̀ lé ní 2,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pè é ní ìkùnà. Wọ́n wá ohun mìíràn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ idẹ, wọ́n sì rí i. Ayé ló yí padà: odi Berlin wó ní 1989, Jámánì di ọ̀kan ní 1990, ìnáwó ìṣọ̀kan gba owó ìbọn, Soviet, ọ̀tá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, sì ń tú ká. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti tún dán an wò, wọ́n ń wá ìbọn tí yóò fi ìlọ́po méjì dára ju M16 tí àwọn sọ́jà wọn ń lò nígbà náà lọ. Kò sí ìkankan nínú àwọn tó díje tó dé ibẹ̀. G36, tó ń lo kátíríìjì onídẹ, ni àwọn sọ́jà Jámánì gbà ní 1997. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà sì yan ìbọn tuntun ní 2022, ọta tí wọ́n yàn fún un ṣì wọ ìkarahun, ara rẹ̀ jẹ́ idẹ, ìdí rẹ̀ jẹ́ irin.