Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ni Adùn Ayò

Àwọn kan bi mí léèrè pé kí ni ènìyàn ń rí nínú gbígbọ́ pọ́díkáàsì àwọn tí ń sọ̀rọ̀ géèmù, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbá a. Mo ní kí wọ́n wo ìdí igi tí àwọn baba wa ti ń ta ayò. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48. Ẹni méjì péré ni ó sì ń ta á. Síbẹ̀, èrò a pé lé wọn lórí. Wọ́n wá gbọ́ bí ọ̀ta ti ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà a sì máa dá sí i.

Ní ọdún 2005 ni 1UP Yours bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn akọ̀ròyìn géèmù jókòó, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó dá wà lọ́nà jíjìn sì ń gbọ́ wọn bí ẹni tí ó wà láàrin wọn.

Ìyàtọ̀ kan ni ó ń kọ mí lóminú. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, a ó dá mi lóhùn. Pọ́díkáàsì kì í dáni lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ìdí igi má ṣófo.