Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun tí ó kó ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2008 ní àmì púpọ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka àmì náà sí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, pàṣẹ pé kí olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kí ó di bílíọ̀nù 25 kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Láti rí owó náà, púpọ̀ nínú wọn ta ìpín, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ṣíà, fún ará ìlú. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí mo ń gbé nígbà náà, mo rí télọ̀, mo rí mẹkáníìkì, mo rí olùkọ́ bíi tèmi, tí wọ́n ń bèèrè iye ṣíà bí ẹni ń bèèrè iye gàrí. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè iṣẹ́ tí ń mú èrè náà wá.

Àmì kìíní nìyẹn: kí iye ọjà máa ga ju iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n ọjà náà lé díẹ̀ ní 33,000 ní òpin 2006. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2008, ó ti ju 66,000 lọ. Oko wo ni irè rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjẹ́ pé a fi ilẹ̀ kún ilẹ̀?

Àmì kejì ni gbèsè. Báńkì ń yá alágbàtà àti oníbàárà lówó láti fi ra ṣíà, ṣíà náà gan-an ni wọ́n sì fi ń dógò. Bí iye bá ga, a tún yá sí i. Bí ó bá wálẹ̀, olówó á ní kí a tà, títà náà á sì tún fà á wálẹ̀. Láyé ìwọ̀fà, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó dúró fún èlé. Ìrètí lásán ni ó dúró fún ti èyí.

Àmì kẹta wà lẹ́nu: ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀, wọn a ní ojú rẹ̀ kò là.

Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, àwọn àjèjì kó owó wọn jáde. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án 2008 ni Lehman Brothers wó. Ọjà tiwa ti ń wálẹ̀ láti oṣù kẹta. Ní òpin ọdún, ó kù díẹ̀ lé ní 31,000. Ní oṣù kẹjọ 2009, gómìnà tuntun, Sanusi Lamido Sanusi, yọ olórí báńkì márùn-ún nípò. Bílíọ̀nù 620 náírà ni a sì fi gbé àwọn báńkì tó wà nínú wàhálà dìde. Owó ẹni tó fi pamọ́ sí báńkì kò ṣègbé. Ẹni tó fi owó ilé-ìwé ọmọ ra ṣíà ni kò rí olùgbàlà.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tí MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá 2016, àmì wọ̀nyí náà ni ó ṣáájú. Kí a tó kówó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: iṣẹ́ ta ni ó bí èrè yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ tí yóò rà á ju bí a ti rà á lọ, kí a di owó wa mọ́ra.