Ta Ni Bàbáńlá Rẹ? Ta Sì Ni Ìyáńlá Rẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, pàápàá níbi ìkómọjáde àti níbi òkú àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ta ló bí bàbá bàbá bàbá yín? Kí ni orúkọ ìyá rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn ìbéèrè kìíní dé ìdajì, wọn a sì dákẹ́ lórí èkejì. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ní Ìjagun níhìn-ín, àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìdákẹ́ náà ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn la máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé. Láti ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry kẹjọ, ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi, ẹni tó bá gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n bá sin sínú ìwé. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1484, wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bójú tó àmì àwọn ìdílé ọlọ́lá. Láàárín 1530 sí 1688, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń lọ láti ìgbèríko dé ìgbèríko, wọn a máa bi àwọn onílẹ̀ ńláńlá léèrè pé ta ló bí wọn, ta ló bí bàbá wọn. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀rí mú wá, wọn a ní kó sọ àmì náà kalẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ tọpa ìdílé ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan ti ọ̀rúndún kejìdínlógún lónìí, ìwé ni yóò kàn ṣí.

Ẹ mú ìdílé Lascelles ti ilẹ̀ Yorkshire. Láàárín 1759 sí 1771 ni Edwin Lascelles kọ́ ilé ńlá kan sí Harewood, ilé náà ṣì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Henry ni orúkọ bàbá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni owó ilé náà ti wá? Oko ìrèké ní erékùṣù Barbados ni, àti òwò ẹrú. Àwọn ènìyàn dúdú tó ṣiṣẹ́ nínú irú oko bẹ́ẹ̀ náà wà nínú ìwé o, àmọ́ ìwé ẹrù ni, níbi tí wọ́n ti ka màlúù àti ẹṣin. Orúkọ tí olówó ẹrú bá fún wọn ni wọ́n ń kọ, kò sí ti bàbá, kò sí ti agboolé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù náà, ìjòyè Harewood tó wà nípò nígbà náà gba owó ìtánràn tó lé ní 26,000 pọ́n-ùn nítorí ẹrú tó lé ní 1,200. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ìwé tó gbé ìdílé kan ró náà ló pa ìdílé ẹlòmíràn rẹ́?

Àwa ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé a kò ní ìwé. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ará Pọtogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká, àti pé Agusale ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀. Ọmọdé Ìjẹ̀bú pàápàá yóò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ ni òyìnbó ń fi ahọ́n tirẹ̀ pè.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Òṣífẹ́kúndé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1798, ní Mákùn lẹ́bàá omi. Ní 1820, ó ń bá òwò lọ lórí omi nígbà tí àwọn Ìjọ́ tó ń dènà de ọkọ̀ mú un. Wọ́n tà á, ó sì di ará Bùràsíìlì ní tipátipá. Ó lo ọdún tó súnmọ́ ogún níbẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Faransé, tó mú un lọ sí ìlú Paris. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé kan, d'Avezac, ti gbọ́ nípa rẹ̀, tó sì jókòó tì í, tó ń bi í nípa ìlú rẹ̀, ọba rẹ̀, èdè rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó tẹ ohun tó gbọ́ jáde ní 1845. Bí ó ṣe kọ orúkọ náà ni Ochi-Fekoue-Dé. Àwọn ọ̀mọ̀wé tú iṣẹ́ náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1967 nínú ìwé kan tí Philip Curtin ṣe olóòtú rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin yìí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ti tó ogún ọdún tó ti rí ilé gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ kún ìwé kan. Nígbà tí wọ́n mú un lọ, àwọn tó bí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣì pọ̀ láyé, ó sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé gbé ìtàn lé, kó lọ bá Òṣífẹ́kúndé jà.

Báwo la wá ṣe ń tọpa ìdílé níhìn-ín? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ti lò.

Èkíní ni orúkọ. Nílẹ̀ wa, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ máa ń tọ́ka sí agboolé. Adé ń tọ́ka sí ilé ọba, Ọnà sí ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, Ògún sí ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ, Awo sí ilé awo. Bí ẹ bá rí i pé Ọnà ni bàbá àti bàbá rẹ̀ ń jẹ́, tí Adé wá já lójijì lórí ọmọ kan, ẹ má sáré kọjá. Ẹ bèèrè ilé ìyá ọmọ náà.

Èkejì ni régbérégbé. Àwọn Ìjẹ̀bú máa ń kó àwọn tí ọdún mẹ́ta tàbí bẹ́ẹ̀ bí pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà a sì ní orúkọ. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà sọ àṣà yìí dọ̀tun nígbà ayé rẹ̀, òun la ń rí ní Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ọdún tí wọ́n bí bàbá àgbà, ẹ bèèrè ẹgbẹ́ tó wà. Ẹgbẹ́ náà yóò mú yín dé ẹ̀bá ọdún náà.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ ọba. Àwọn àgbà kì í ka ọdún bí ìwé, ayé ọba ni wọ́n ń kà. Bí ẹnì kan bá ní ọdún tí Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí ìyá òun, 1883 nìyẹn. Bó bá ní ọdún ogun Ìmagbọn ni, 1892 nìyẹn. Nínú ilé ọba mẹ́rin tó ń jẹ Awùjalẹ̀, Gbélégbùwà àti Fùsẹ̀ngbùwà jẹ́ orúkọ àwọn ọba tí ayé wọn bọ́ sí apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹni tó bá mọ ayé ọba tí bàbáńlá rẹ̀ gbé, ó ti ní òpó tó lè so okùn mọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí rèé. Ní 1966, Peter Lloyd, òyìnbó kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí òfin ilẹ̀ Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ìran. Ohun tó rí ni pé ní àwọn ìlú Yorùbá kan, ọ̀nà bàbá nìkan ni ènìyàn ń gbà di ọmọ agboolé. Ní ti Ìjẹ̀bú, ọ̀nà bàbá ṣí sílẹ̀, ọ̀nà ìyá náà sì ṣí sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan lè ní ẹ̀tọ́ nílé bàbá bàbá rẹ̀, kó ní in nílé ìyá bàbá rẹ̀, kó sì tún ní in nílé ìyá ìyá rẹ̀. Òyìnbó ló kọ ọ́, àmọ́ àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí a bá ka ìran kan sí ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí a bí ní 1960 yóò gun ìran mẹ́fà kó tó bá ẹni tí a bí ní 1780. Ní ìran kẹfà yẹn, bàbáńlá àti ìyáńlá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn 64. Ẹni tó bá ń ka ọ̀nà bàbá nìkan, ẹnì kan péré ló kà nínú wọn. Àwọn 63 yòókù dà? Ìdílé kì í ṣe okùn kan ṣoṣo tí a so mọ́ bàbá. Àwọ̀n ni.

Láti ìgbà tí yunifásítì Tai Solarin ti dé sí Ìjagun ní 2005, ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá láti Èkó wá rà. Ìgbà tí owó dé ni igi ìdílé di ohun tí a ń tẹ̀ sórí ìwé. Ní ìpàdé ẹbí wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Ó mọ́ roro, orúkọ ọkùnrin ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àwọn tí orúkọ bàbá wọn bá sì wà níbẹ̀ ni yóò pín owó ilẹ̀. Màmá kan, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Ta ló wá bí gbogbo wọn? Àbí ilẹ̀ ni wọ́n ti hù bí olú ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ta ló bí ta, ọjà wo ni wọ́n ń ná, ọmọ ilé wo ni wọ́n. Ó dé orí ìyá ìyá tirẹ̀, ó ní apá ilẹ̀ tó wà létí odò, bàbá obìnrin náà ló fi í fún un kó máa dáko, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ilẹ̀ létí odò yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a ò mọ̀ ni." Wọ́n dá ìwé náà padà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní irú màmá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò ní òfin kò gbè é. Irọ́ ni. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole nípa ìdílé Mabinuori l'Ékòó, kóòtù gbà pé ọmọ tó dàgbà jù, ì báà ṣe obìnrin, lè jẹ́ olórí ẹbí. Ní 1962, ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó mẹ́rin ni olóògbé ní, ọmọ mẹ́sàn-án. Ìdájọ́ ni pé ìdí igi ni kí wọ́n fi pín ogún, ìyẹn ni pé ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà, wọn kò ka orí ọmọ.

Ní ti oyè, ọ̀nà ṣe tóóró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbídàgbà, ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí ìtẹ́, ni àṣà ń fi síwájú. Síbẹ̀, Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà, tó gorí oyè ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, bàbá tirẹ̀ kò jẹ Awùjalẹ̀. Bí ìlú bá fẹ́, ó mọ bó ṣe ń tú àwọ̀n ká.

Ohun kan ṣì kù tí a kì í fẹ́ sọ. Nínú agboolé wa àtijọ́, kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀fà wà níbẹ̀, ẹrú náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn ogun ló gbé wọn wá, wọ́n bímọ, ọmọ wọn di ọmọ ilé. Bí Òṣífẹ́kúndé ti sọnù sí ọwọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹlòmíràn sọnù sí ọwọ́ wa. Ẹni tó bá ń tọpa ìdílé rẹ̀ tó sì ń yọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò, kò yàtọ̀ sí akọ̀wé oko ìrèké tó ń ka ènìyàn mọ́ màlúù. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dìde láàárín ọjà kó máa pe ọmọ ẹlòmíràn ní ọmọ ẹrú o. Èèwọ̀ ni, ìjà ló sì ń dá sílẹ̀. Ohun tí mo wí ni pé kí a kọ orúkọ ìyáńlá náà sí ààyè rẹ̀, bíi ti gbogbo ìyá.

A kò ṣàì ní obìnrin nínú ìtàn ńlá wa. Yàrà ràgàjì tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó tó ọgọ́jọ kìlómítà, orúkọ ta ni wọ́n fi ń pè é? Erédò Ṣùngbọ́ ni. Ìtàn ní obìnrin olówó tí kò bímọ ni Bílíkísù Ṣùngbọ́, Òkè-Èrì ni wọ́n sì ń lọ kí i. Ẹni tí kò bímọ kò parẹ́, ṣé ẹni tó bí wa ni yóò wá parẹ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ tètè ṣe é. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá. Ẹ gba oríkì sílẹ̀, nítorí inú oríkì ni orúkọ àwọn ìyá máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ bèèrè ọjà, régbérégbé, ayé ọba àti ibi tí wọ́n sin òkú sí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ fún yín sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó sọ, bí ẹni méjì bá sì sọ ohun méjì, ẹ kọ méjèèjì. Kí ẹ sì ṣe é kí oníbàárà ilẹ̀ tó dé, torí pé lọ́jọ́ tó bá dé, ohun tí yóò mú owó wá nìkan ni olúkúlùkù yóò máa rántí.

Kí Olódùmarè dá àwọn màmá wa sí títí a ó fi kọ ọ́ tán.